Ǹjẹ́ a lè fi owó Sàká gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún àwọn ará abúlé?

Ìbéèrè: Asalamu alaykum, Àáfà wa. Ẹgbẹ́ àsàlátù wa ní Ìkọ̀lé-Èkìtì ń dá owó jọ láti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àwọn abúlé kan tó jẹ́ pé omi odò ni wọ́n ń mu, tí odò náà sì máa ń gbẹ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú. Alhaji kan fẹ́ fi Sàká rẹ̀ kún owó náà. Àwọn kan nínú wa tún ń sọ pé Kìrìsìtẹ́nì ló pọ̀ jù níbẹ̀, pé kò yẹ kí owó Mùsùlùmí lọ síbẹ̀. Kí ni ẹ̀sìn sọ?

Ìdáhùn: Wa alaykumu salam wa rahmatullah. Kí Ọlọ́hun gba iṣẹ́ yín.

Ní ti Sàká, ìyẹn ọrẹ ọ̀ranyàn tí Mùsùlùmí tó lówó ń yọ, Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló pín in. Nínú Suratu Tawba, áyà 60, Ó ka ìsọ̀rí ènìyàn 8 tí ó tọ́ sí, láti orí aláìní àti tálákà títí dé orí onígbèsè àti arìnrìn-àjò tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onímímọ̀, títí kan àwọn ti Màlíkì, ìlànà òfin ẹ̀sìn tí àwọn àgbà wa tẹ̀ lé, sọ pé a kì í fi Sàká kọ́ mọ́sálásí tàbí gbẹ́ kànga, nítorí ọwọ́ ẹni tó tọ́ sí ló gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Àwọn onímímọ̀ kan lóde òní gbà pé gbogbo iṣẹ́ àǹfààní ìlú wọ abẹ́ “ojú ọ̀nà Ọlọ́hun” tí áyà náà dárúkọ. N kò tàbùkù wọn, ṣùgbọ́n n kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti tẹ̀ lé e, nítorí bí Sàká bá ti di owó iṣẹ́ ìlú, opó tí kò rí oúnjẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pàdánù. Kí Alhaji yọ Sàká rẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n jẹ́ aláìní, kí ó sì fi sàdákà, ìyẹn ọrẹ àtinúwá, dá sí ti kànga.

Sàdákà omi ga púpọ̀. Nígbà tí ìyá Sa'd ọmọ Ubada, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, kú, Sa'd bi Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pé sàdákà wo ló dára jù, èsì tó gbà ni pé omi ni. Ó gbẹ́ kànga, ó ní ti ìyá òun ni. Ẹni tí òbí rẹ̀ ti kú nínú yín lè ṣe bákan náà.

Ọ̀rọ̀ Kìrìsìtẹ́nì kò yẹ kó dá yín dúró rárá. Ọlọ́hun kò kọ̀ fún wa, nínú Suratu Mumtahana, áyà 8, láti ṣe dáadáa sí àwọn tí kò gbógun tì wá nítorí ẹ̀sìn. Ọlọ́hun tún ṣe àforíjìn fún ọkùnrin tó fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ lómi. Mélòó-mélòó wá ni ọmọ ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Èkìtì yìí tún jẹ́ ẹbí wa? Nítorí náà, ẹ má ṣe gbẹ́ ẹ sínú ọgbà mọ́sálásí, níbi tí ojú yóò ti máa ti àwọn mìíràn láti wọlé pọn omi. Nígbà tí Uthman, sàábé Ànábì, ra kànga Ruma ní Mẹ̀dínà fún gbogbo ènìyàn, kò gba àǹfààní kankan ju ti àwọn tó kù lọ.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni àmánà, ìyẹn ohun tí a fi síni níkàáwọ́. Ilẹ̀ àpáta ni ilẹ̀ Èkìtì, ibi tí àpáta bá ti là tàbí tí ó ti rà nìkan ni omi máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá gbẹ́lẹ̀ láìkọ́kọ́ san owó àyẹ̀wò lè gbẹ́ títí kó má kan omi, owó olówó yóò sì ti wọlé. Ẹ sì ti rí àwọn ẹ̀rọ tí a ń fọwọ́ fà: apá irin rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n atẹ́gùn lásán ló ń fà, nítorí rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ, kò sì sẹ́ni tó ní owó láti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ fún àwọn tó ń dáwó. Bí owó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn iṣẹ́, kì í ṣe ti ẹgbẹ́. Ẹ kò gbọdọ̀ fi ra aṣọ àsàlátù tàbí fi ṣe Mọ́lídì, ayẹyẹ ọjọ́ ìbí Ànábì. Àtúnṣe kànga náà ni kó bá lọ, tàbí kí ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó dá a kí ẹ tó gbé e lọ sí abúlé mìíràn.