Mo ya X-ray, ṣé kò ní pa ọmọ tí màá bí lára?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Obìnrin ni mí, mi ò tíì bímọ. Ikọ́ kan tó ń dà mí láàmú ni dọ́kítà ṣe ní kí n lọ ya X-ray àyà, ìgbà tí mo délé ni ẹ̀gbọ́n mi wá ń sọ pé rédíéṣọ̀n inú ẹ̀rọ yẹn máa ń yí jíìnì èèyàn padà, pé mo lè bí abirùn. Oorun ò kùn mí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Arábìnrin mi, ẹ fọkàn balẹ̀, X-ray àyà ẹyọ kan ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fọ́mọ yín. Ẹ̀gbọ́n yín ò kàn déédéé sọ ọ́ ṣá o, torí lọ́dún 1927 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Hermann Muller, ti fi X-ray sára àwọn eṣinṣin kéékèèké orí èso, tó wá rí i pé ọmọ wọn ń ní àyípadà tí ò sí lára ìyá tàbí bàbá, òun ló jẹ́ kó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1946. Àmọ́ iye tó lò fún wọn pọ̀ ju èyí tí wọ́n fi ya àyà yín lọ fíìfíì.

DNA inú sẹ́ẹ̀lì wa, ìyẹn ohun tí jíìnì wà nínú ẹ̀, dà bí ìwé tí wọ́n fi lẹ́tà mẹ́rin péré kọ, A, T, G àti C, tí lẹ́tà inú ẹ̀ sì tó bílíọ̀nù 3. Gbogbo ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ di méjì ló ń da ìwé yẹn kọ, àṣìṣe sì ń wọ ibẹ̀ láìsí X-ray kankan, kódà ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń bí ló ń gbé àyípadà tuntun bí 60 sí 70 wáyé, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò sì ṣe é ní nǹkan kan. Èyí tó bá bọ́ síbi tó le ló ń dá wàhálà sílẹ̀, ẹ wo fòníkú-fọ̀ladìde, A ẹyọ kan tó di T ló fà á. Èéfín sìgá ń ba DNA jẹ́, ìtànṣán oòrùn náà ń bà á jẹ́.

Ti rédíéṣọ̀n, ṣe ló ń já okùn DNA, okùn méjì tó lọ́ mọ́ra sì ni DNA. Tó bá já okùn kan, sẹ́ẹ̀lì á tún un ṣe, tó bá wá já méjèèjì lójú kan náà, sẹ́ẹ̀lì lè so ó mọ́ ibi tí kì í ṣe tiẹ̀, sẹ́ẹ̀lì yẹn lè kú, ó sì lè yè kó di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ṣẹlẹ̀ nínú awọ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, ara ẹni yẹn ló máa parí sí, inú ẹyin obìnrin tàbí àtọ̀ ọkùnrin nìkan ló ti lè dé ara ọmọ. Àwọn tó yè nínú bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n jù sí Hiroshima àti Nagasaki ní Japan lọ́dún 1945, tí rédíéṣọ̀n ẹ̀ bá wọn, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ pọ̀ láàárín wọn gan-an, síbẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n lóyún ẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n tọpa wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò rí i pé àbùkù àbímọ́ni pọ̀ lára wọn ju ti ọmọ ẹlòmíì lọ.

Àwọn tó wà nínú oyún lọ́jọ́ tí bọ́ǹbù yẹn bú ló yàtọ̀, pàápàá èyí tó wà láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 15, orí àwọn kan nínú wọn kéré, ọpọlọ wọn ò sì jí pépé. Ìdí tí wọ́n fi ń bi obìnrin ní yàrá X-ray bóyá ó lóyún nìyẹn, ẹ má fi pamọ́ fún wọn láéláé.

X-ray àyà ò ju nǹkan bíi 0.1 mSv lọ (mSv ni wọ́n fi ń wọn rédíéṣọ̀n tó wọ ara), bẹ́ẹ̀ èyí tó ń ti inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ojú sánmà bá gbogbo wa tó 2.4 mSv lọ́dún, tiyín ò ju ti ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ti CT scan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi X-ray púpọ̀ ya inú ara, ló pọ̀ dáadáa, ẹ má kàn máa ṣe ìyẹn láìnídìí. Ikọ́ yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú báyìí, ẹ tètè lọ gba èsì X-ray yẹn kí dọ́kítà bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.