Èsì: Dinky 1938 tó ń sán
Ọ̀gá mi, sísán tí ẹ rí lára Dinky yín, ohun ìṣeré kékeré onírin ọdún 1938 yẹn, kì í ṣe ìlòkulò; inú irin ni àrùn wà. Síńkì tí wọ́n pò mọ́ alumíníọ̀mù díẹ̀ ni wọ́n fi dà á. Bí òjé bá bọ́ sínú àpòpọ̀ náà, bó ti wù kó kéré tó, irin á máa wú, á máa sán láti inú wá. Kò gbóògùn. Kì í sì í ràn, ẹ má lé e kúrò láàárín àwọn yòókù! Ọ̀rinrin àti ooru ló ń mú un yára: ẹ gbé e kúrò lókè àjà, kí ẹ fi silica gel (hóró tó ń fa ọ̀rinrin mu) sínú àpótí rẹ̀. Super glue tó ṣàn dáadáa lè di ojú sísán mú. Ẹ má fún un pọ̀, á fọ́. Wíìlì ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, àfirọ́pò sì wà lọ́jà.