Kí ni ti ilẹ̀ nínú "ilẹ̀ gbígbóná"?

Ẹnì kan bi mí pé kí ló dé táwọn àgbà fi ń pe ṣànpọ̀nná (smallpox) ní "ilẹ̀ gbígbóná", ṣebí ara aláìsàn ló ń gbóná, kí ni ti ilẹ̀ níbẹ̀? Ó tún ní ṣé ó tọ́ bí wọ́n ṣe ń pe chickenpox bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé wọn kì í fẹ́ dárúkọ ẹ̀. Ìyá àgbà mi, "Olóde" ló máa ń pè é, ohùn ẹ̀ á sì lọ sílẹ̀ bíi pé ẹnì kan wà lẹ́yìn fèrèsé. Lọ́sàn-án gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tá a bá fẹ́ sáré jáde, á ní "ilẹ̀ ń gbóná o, ẹ wọlé", àwa rò pé oòrùn ló ń bá wí.

Ibà mú ẹnì kan, ara onítọ̀hún ló gbóná, ó parí. Ṣùgbọ́n eléyìí tó bá wọ ojúlé kan, ojúlé kejì ń bọ̀ lọ́nà, lójú tèmi, ìyẹn ni wọn ò fi ka ara ẹnì kan ṣoṣo, ìlú lódindi, ilẹ̀ yẹn gan-an, ni wọ́n ń wò. Ohun táwọn dókítà náà ń wò nìyẹn tí wọ́n bá fẹ́ wọn bí fáírọ́ọ̀sì ṣe ń ràn: ẹnì kan tó ní in, tó wà láàárín àwọn tí ò ṣe é rí tí wọn ò sì gbàjẹsára, èèyàn mélòó ló máa kó o ràn? Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ń pè ní R0. Ti ṣànpọ̀nná wà láàárín 3 sí 6, ti èéyi 12 sí 18, Ebola ò ju bíi 2 lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú 4. Bàbá kan kó o, ó ran ìyàwó ẹ̀, ọmọ méjì, àti onígbàjámọ̀ tó fárí fún un. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì àwọn náà ran 4-4, ó di 16, lẹ́yìn náà 64, 256, 1,024, kò tíì ju bí oṣù méjì ààbọ̀ lọ. Ilẹ̀ gbóná lóòótọ́! Ohun tó ń dín in kù ni pé tó bá kan ẹni tó ti ṣe é rí, ibẹ̀ ló máa kú sí, iye tẹ́nì kan ń ràn kì í sì í dúró sójú kan, nígbà tó ṣì wà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń ràn jù nílẹ̀ wa, ẹ̀rù tó ń ba ìyá àgbà kì í ṣe lásán.

Tí iye tẹ́nì kan ń ràn bá ti wálẹ̀ ju 1 lọ, àìsàn á tán fúnra ẹ̀. Ní December 1966, ṣànpọ̀nná yọ lágbègbè Ogoja, abẹ́rẹ́ àjẹsára ò tó, William Foege, dókítà ará Amẹ́ríkà, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá fi rédíò béèrè lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nárì pé abúlé wo ló ti yọ, àwọn tó yí aláìsàn ká ni wọ́n gún lábẹ́rẹ́, kì í ṣe gbogbo ìlú, ó sì ká a lọ́wọ́ kò. Ní 1980 wọ́n kéde pé ó ti tán láyé.

Chickenpox tó ń yọ omi lára àwọn ọmọ, fáírọ́ọ̀sì tiẹ̀ yàtọ̀, ó ń yára ràn ju ṣànpọ̀nná lọ, àmọ́ kì í pààyàn bíi tiẹ̀. Tí wọ́n bá pè é ní ilẹ̀ gbígbóná, orúkọ olórúkọ ló yá lò.