Kì í ṣe gbogbo ohun tí a ń jẹ la fi ń para

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ń gbé. Màmá mi máa pé ẹni 60 ọdún nínú oṣù Kejìlá. Owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́, ni mo bá ní kí n fi ọwọ́ ara mi po ìpara òrí, kí n fún màmá ní ìgò ńlá kan, kí n sì pín kéékèèké fún 40 àlejò. Inú fídíò kan ni mo ti kọ́ ọ: òrí, omi ọsàn wẹ́wẹ́ márùn-ún, kárọ́ọ̀tì tútù tí a lọ̀, etí erin tí àwọn èèyàn ń pè ní aloe vera, àti ṣíbí báákin sódà kan. Wọ́n ní ó máa ń mú ara dán, kò sí kẹ́míkà kankan nínú rẹ̀, ohun tí a ń jẹ náà ni, ó sì lè lo oṣù mẹ́fà. Mo ti dán díẹ̀ wò, ṣùgbọ́n omi ń yà kúrò lára òrí. Lẹ́búlẹ́bú wo ni mo lè fi sí i kó lè dì pọ̀? Ṣé sítáàṣì máa ṣe é?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, màmá á pẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n kò sí lẹ́búlẹ́bú tí mo máa dárúkọ fún ọ. Omi tó ń yà kúrò yẹn, òrí ló ń bá ọ sọ òótọ́ tí ẹni tó ṣe fídíò kò sọ. Jẹ́ kó yà.

Láti ìgbà tí òjò ti ń palẹ̀ mọ́ ni irú ìbéèrè yìí ti ń wọlé fún mi lóríṣiríṣi. Ẹnì kan ń fẹ́ ṣe é fún ìyàwó rẹ̀, ẹnì kan fún ọmọ tuntun (ọmọ tuntun!), ẹnì kan fún ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo wọn ló ń fi gbólóhùn kan náà gbè é lẹ́yìn: “Ohun tí a ń jẹ náà ni.” Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ bá jà lónìí. Ìwọ lo kàn bọ́ sí i.

A ń jẹ ata rodo. Ẹni tó bá ti gé ata rodo rí, tó wá gbàgbé, tó fi ọwọ́ yẹn nu ojú, kò nílò àlàyé mi. Iṣu ńkọ́? Ọmọ Èkìtì wo ni kò mọ iṣu? Iṣu tí a ń sè, tí a ń gún, tí a fi ń gba àlejò, ṣé kì í yún wa lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń bẹ ẹ́ ní tútù? Inú ìkòkò àti inú ikùn ni Ọlọ́run ṣe iṣu fún, kò ṣe é fún apá àti itan. Ikùn ní omi kíkan tirẹ̀, ohun tó bá já sínú rẹ̀ á rí ẹni tó máa lọ̀ ọ́ kúná. Awọ ara kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìta ló wà, lábẹ́ oòrùn, ohun tí o bá fi kùn ún á sì wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́.

Ọ̀rọ̀ oòrùn ló mú mi dé orí ọsàn wẹ́wẹ́, òun gan-an ló sì bí mi nínú jù nínú àkójọ rẹ.

Nínú ọsàn wẹ́wẹ́, pàápàá lára èèpo rẹ̀, àwọn èròjà kan wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ furanocoumarin. Bí wọ́n bá wà lára rẹ nínú ilé, wọ́n lè má ṣe nǹkan kan. Àfi ìgbà tí oòrùn bá tàn sí wọn lára rẹ. Ìtànṣán oòrùn kan tí a ń pè ní UVA ló máa ń ta wọ́n jí, tí wọ́n á wá jó awọ ara bí ẹni pé omi gbígbóná dà sí i. Kò sì ní jẹ́ lójú ẹsẹ̀, ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Ó lè di ọjọ́ kejì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta èèyàn, kó di ọjọ́ kejì sí ìkẹta kó tó le gan-an. Ibẹ̀ lè lé ròrò. Bó bá wá jinná, á fi àpá dúdú sílẹ̀, àpá náà sì lè lo ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan kó tó parẹ́. Ẹni tó ń wá ara dídán ló wá di alábàwọ́n yẹn o.

Obìnrin kan wá bá mi nídìí iṣẹ́ nígbà kan, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ní ìlà dúdú dúdú tó ń ṣàn wálẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, bí ìgbà tí epo kán sílẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé àwọn ayé ló fọwọ́ kàn án lójú oorun. Ó ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo bi í léèrè ohun tó ṣe lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ó ní òun bá wọn ṣe ìnáwó, òun jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án gangan, òun ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ẹja. Omi ọsàn ló ṣàn gba ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, oòrùn ló sì ya ìlà náà sí i lára. N kò lòdì sí àdúrà o. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe iṣẹ́ ayé rárá, iṣẹ́ ọsàn ni.

Wá wo ọjọ́ ìbí màmá. Wọ́n á para láàárọ̀, wọ́n á wọ léèsì tí ọrùn rẹ̀ ṣí díẹ̀, wọ́n á jó jáde kúrò lábẹ́ àgọ́ ní aago méjì ọ̀sán nínú oṣù Kejìlá. Pẹ̀lú 40 àlejò tó fi irú ìpara kan náà para. Ṣé ohun tí o fẹ́ kí wọ́n fi rántí yèyé nìyẹn?

Kí ẹnikẹ́ni má sì wá bi mí pé, “epo ọsàn tó wà nínú ìgò kékeré ńkọ́?” Èyí tí wọ́n fún láti ara èèpo láì lo iná, ohun kan náà ló wà nínú rẹ̀. Bí o kò bá mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, fi í sílẹ̀.

Báákin sódà kò gbà mí lákòókò púpọ̀. Òṣùwọ̀n kan wà tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan sí, pH ni wọ́n ń pè é. 7 ni ti omi lásán. Ohun tó bá kan ń lọ sísàlẹ̀, ohun tó bá ta bí eérú ń lọ sókè. Awọ ara wa fẹ́ràn nǹkan bíi 5. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà láàárín 2 sí 3, báákin sódà lé ní 8. Ìwọ da méjèèjì pọ̀, ó hó yàà, ẹni inú fídíò ní “ẹ wò ó, ó ti ń ṣiṣẹ́!” Afẹ́fẹ́ ló ń jáde, irú èyí tó wà nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìyẹn náà ni gbogbo iṣẹ́ tó ṣe.

Ó tún ku omi. Òrí gidi kò ní omi nínú, ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà fi lè gbé e sínú igbá lórí àjà fún ìgbà pípẹ́ kó má bàjẹ́. Kòkòrò àìfojúrí kò lè gbé níbi tí omi kò sí. Ní ìṣẹ́jú tí o bá da kárọ́ọ̀tì lílọ̀, etí erin àti omi ọsàn sí i, o ti kọ́lé fún wọn nìyẹn, oúnjẹ sì wà ńlẹ̀. Lọ ata àti tòmátì láàárọ̀ òní, má sè é, gbé e sórí tábìlì. Ní àṣálẹ́ ọ̀la, wá wo ìfófòó orí rẹ̀. Ta ló máa sọ fún ọ pé ata yẹn á lo oṣù mẹ́fà? Kárọ́ọ̀tì kò yàtọ̀ sí ata. Pé o fi òrí bò ó kò ní kó má bàjẹ́.

Sítáàṣì tí o sì fẹ́ fi kún un, oúnjẹ ni fún kòkòrò wọ̀nyẹn. Kò lè so òrí àti omi pọ̀ pẹ́ títí. Omi gbígbóná àti omi tútù pàdé ní Ìkógòsì, wọ́n sì jọ ṣàn lọ, nítorí omi ni àwọn méjèèjì. Òrí kì í ṣe omi. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìpara ní èròjà tí wọ́n fi ń so omi mọ́ epo, wọ́n ní èyí tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́, wọ́n ń wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n tó mọ ìdá gíráàmù, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́. N kò ní kọ́ ọ ní ìyẹn níbí, nítorí bí o bá ṣì í wọ̀n, èmi ni wọn á bi.

Ó lè dà bíi pé mo ń dẹ́rù bà ọ́. Nínú 40 àlejò ẹni 60 ọdún, ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ní ìtọ̀ ṣúgà. Nígbà ọyẹ́, gìgísẹ̀ wọn á là. Wọ́n á ti ìka bọ ìpara tó ti bu láì fojú hàn, wọ́n á fi kun ojú ẹsẹ̀ tó là. Egbò ẹsẹ̀ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Mo ti rí èyí tí wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ sí.

Ní ti “kò sí kẹ́míkà kankan,” omi mímu náà kẹ́míkà ni. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ó dáa. Èwo ni kí o ṣe? Èyí tó rọrùn ju ti fídíò lọ ni. Ra òrí kílò méjì lọ́wọ́ ẹni tí o mọ̀ ní Ọjà Ọba tàbí níbikíbi tí ọjà rẹ̀ bá ti mọ́. Fi abọ́ gbígbẹ sínú ìkòkò omi gbígbóná lórí iná kékeré kí òrí náà yọ́ nínú rẹ̀. Má gbé òrí lé iná ní tààrà. Bó bá yọ́ tán, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó rọlẹ̀. Òrí ọjà máa ń ní ìdọ̀tí àti omi díẹ̀, ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa wà. Rọra da èyí tó mọ́ lókè gba inú aṣọ funfun gbígbẹ, kí o fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Wọn 1.6 kg nínú rẹ̀, fi 400 g àdí àgbọn sí i. Ìyẹn pé kílò méjì: gíráàmù 40 fún àlejò kọ̀ọ̀kan, gíráàmù 400 fún màmá. 

Bí o bá fẹ́ òórùn dídùn, epo lavender tí kò ju mílílítà 10 lọ fún gbogbo kílò méjì yẹn, nígbà tí kò bá gbóná mọ́. Kò gbọ́dọ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí o máa fún ẹni tó ní ọmọ ọwọ́ nílé, má fi òórùn kankan sí i rárá.

Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń kùnà ni títutù rẹ̀. Bí òrí bá rọra tutù fúnra rẹ̀, á di kóró kóró bí gààrí. Kò bàjẹ́ o, ṣùgbọ́n kò wu ojú. Gbé abọ́ náà sínú àwo omi dídì, máa rò ó títí á fi ki bí ògì, kí o wá dà á sínú ike, kí o kó wọn sínú firíìjì. Ike àti ọmọrí gbọ́dọ̀ gbẹ kanrin. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo lè ba ike kan jẹ́. Má kó wọn sínú búùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án, wọ́n á yọ́ kí o tó dé gbọ̀ngàn. Ohun tó bá dì dáadáa báyìí, tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbígbẹ bù, á lo oṣù mẹ́fà láì ṣòro. Kọ ọjọ́ tí o ṣe é àti ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ike, torí àwọn kan wà tí àgbọn kì í bá lára mu. Kí àlejò kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú ìgbọ̀nwọ́, kó wò ó di ọjọ́ kejì.

Àwọ̀ kárọ́ọ̀tì ló wù ọ́ ni? Gé e wẹ́wẹ́, sá a títí á fi máa dá bí ewé gbígbẹ, rẹ ẹ́ sínú àdí àgbọn, sẹ́ ẹ, kí o tó pò ó. Á pọ́n díẹ̀. Kò ní sọ ẹnikẹ́ni di aláwọ̀ pupa, ṣùgbọ́n ó lè ba léèsì funfun jẹ́, n ò sí níbẹ̀.

Bí o bá fẹ́ kí ti màmá yàtọ̀, ìkòkò amọ̀ Ìsàn-Èkìtì kékeré kan lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n má da òrí sínú rẹ̀ ní tààrà, amọ̀ máa ń fa epo mu. Fi ìgò onídérí sínú ìkòkò náà.

Ohun tí mo kọ yìí wà fún ara tó dá. Kì í ṣe oògùn. Ẹni tó ní èélá, egbò tàbí ara yíyún tí kò lọ, kó lọ rí dókítà. Ẹ̀bùn sì ni mo kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, NAFDAC ló ni ọ̀rọ̀ yẹn, má sọ pé èmi ni mo ní kí o tà á. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí o fún túùbù ìpara kan tí “ń mú ara dán kíákíá” sínú rẹ̀, sá fún un.

Èyí tí o ti pò sílẹ̀ yẹn, dà á nù lónìí, má fi kun ẹsẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ tó kù, fún un sórí ẹja tí ẹ máa dín fún àwọn àlejò. Kí o sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ dáadáa kí o tó jáde sí oòrùn.