Ọmọ Mi Ra Ọkọ̀ Ojú Omi Ní London, Kọ́lọ̀ Wo Ni Ká Kùn Ún?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Kọ́tìnì ni mò ń tà ní Balógun, ó ti lé lógún ọdún. Àbíkẹ́yìn mi tó wà ní London ló lọ ra ọkọ̀ ojú omi o, èyí tí wọ́n ń pè ní narrowboat, ó lóun fẹ́ máa gbé inú ẹ̀ torí owó ilé ibẹ̀ ti fẹ́ pa òun. Ó gùn tó fíìtì 57, inú ẹ̀ ṣófo. Ó ní kí n bá òun rán kọ́tìnì, kí n sì mú kọ́lọ̀. Wáìnì látòkè délẹ̀ ló wà lọ́kàn mi, kọ́tìnì alápapọ̀ méjì tó balẹ̀, kí bẹ́ẹ̀dì ńlá wá wà láàrin. Ṣé ó máa bọ́ sí i?
Ìyá Oníkọ́tìnì, Èkó

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ọjà o. Wáìnì látòkè délẹ̀ kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wọn nǹkan ná ká tó dórí kọ́lọ̀. Ọkọ̀ yẹn, bó ṣe gùn tó un, fífẹ̀ ẹ̀ ò ju fíìtì 6 àti íńṣì 10 lọ, torí ọ̀pọ̀ géètì omi tó wà lójú kánààlì wọn, fíìtì 7 péré ló fẹ̀, èyí tó bá sì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ ò lè kọjá. (Kánààlì tiwọn lọ́hùn-ún ni mò ń sọ o, ẹ má lọ máa ro ti Surulere.) Tí wọ́n bá wá fi fóòmù àti pákó bo irin inú ẹ̀ nítorí òtútù, bíi fíìtì 6 ló máa kù. Bọ́mọ yín bá na apá méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri lọ́tùn-ún lósì.

Tẹ́ ẹ bá gbé bẹ́ẹ̀dì sáàrin, á di pé kó máa gun bẹ́ẹ̀dì kọjá kó tó lọ po ẹ̀bà. Kó fara ti ògiri kan ni, kó fẹ̀ tó fíìtì 4, kí ọ̀nà fíìtì 2 kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí dúrọ́ọ̀ wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, torí náà ọ̀pọ̀ wọn ń fi yàrá sẹ́yìn, tọ́ílẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé e, kíṣìnì, pálọ̀ wá wà níwájú pẹ̀lú sítóòfù tí wọ́n ń dáná sí kí inú ọkọ̀ lè móoru. Kó pín ẹrù sọ́tùn-ún sósì o! Tí sítóòfù, fíríìjì àti bátìrì bá jọ wà lápá kan, ọkọ̀ á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kọ́jà tú nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà fíìtì 6 sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ fi páálí ṣe bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ wá rìn ín wò. Ohun tí mò ń sọ máa yé yín.

Kọ́lọ̀ wàyí. Fèrèsé ọkọ̀ yẹn kéré, tó bá sì di Dìsẹ́ńbà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú ní London, ẹ wá fi wáìnì kún un, inú ihò lọmọ yín wà yẹn. Kíríìmù ni kó kùn ún lókè àti lára àjà, kó jẹ́ kí pákó tó dúdú díẹ̀ wà láti abẹ́ fèrèsé lọ sísàlẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ ju wáìnì yín nù o. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ yẹn kó ẹrù láyé àtijọ́, tìyàwó tọmọ ni wọ́n ń há sínú yàrá kékeré lẹ́yìn ẹ̀, pupa àti àwọ̀ ewé ni wọ́n sì ń fi ya òdòdó sára ilẹ̀kùn àti gálọ́ọ̀nù omi wọn. Ẹ fi tiyín ṣe tìmùtìmù.

Ibi tó kan iṣẹ́ yín gan-an nìyí. Ògiri ọkọ̀ yẹn ò dúró gbọnrangandan, bó ṣe ń lọ sókè ló ń tẹ̀ sínú. Tẹ́ ẹ bá fi kọ́tìnì kọ́ lókè nìkan bá a ṣe ń ṣe nílé, ìsàlẹ̀ ẹ̀ á kúrò lára ògiri, á máa ṣe dirodiro sójú ẹni tó sùn. Ọ̀pá méjì ni, ọ̀kan lókè fèrèsé, ọ̀kan nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ ṣẹ́ etí aṣọ lókè nílẹ̀ kí ọ̀pá gba inú ẹ̀ kọjá. Kó má balẹ̀ rárá, kó ṣáà bo fèrèsé tán. Omi máa ń sẹ̀ lára gíláàsì nígbà òtútù, torí náà aṣọ tó ń tètè gbẹ ni kẹ́ ẹ mú, ẹ fi láínìn sí i, kẹ́ ẹ má sì rán ọ̀kankan síbi tó sún mọ́ sítóòfù tàbí tó máa dí ihò atẹ́gùn. Tó bá jẹ́ àdìrẹ lẹ fẹ́, ẹ fọ̀ ọ́ títí aró ò fi ní yọ mọ́, kó má lọ ba kíríìmù jẹ́.

Ẹ bi í bóyá fèrèsé roboto wà níbẹ̀. Ìyẹn ò nílò kọ́tìnì, fóòmù roboto tẹ́ ẹ fi aṣọ bò ni wọ́n ń kì bọ inú ẹ̀ lálẹ́. Kó wọn gbogbo fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan, kó kọ ọ́ ránṣẹ́, ẹ má tíì gé aṣọ kankan.