Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé: Ta Ló Láṣẹ Lórí Idà Inú Mùsíọ́mù?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú mi ọ̀wọ́n, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí àwa ará àdúgbò kan ti dáwó jọ, tí a tún yàrá méjì ṣe nínú ilé àtijọ́ kan, tí a sì sọ ọ́ di mùsíọ́mù kékeré. Kẹ̀kẹ́ ìrànwú, ìkòkò aró, fọ́tò àwọn àgbà àti idà ogun méjì ló wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje ló ń darí rẹ̀, a sì gba ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti máa ṣe alábòójútó. Lóṣù tó kọjá, alága wa gbé idà kan lọ síbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin náà ní kí ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé, èsì tí ó fún un ni pé, "Ta ló gbà ọ́ síṣẹ́?" Ọ̀rọ̀ náà ká wa lára, ṣùgbọ́n a kò mọ ohun tí a ó fi dá a lóhùn. Ta gan-an ló láṣẹ?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àmójútó ohun ìní ìlú. Èsì ìbéèrè tí alága yín bi ọmọbìnrin náà kò le rárá: ìgbìmọ̀ ló gbà á síṣẹ́, kì í ṣe alága. Ẹni kan péré ni alága nínú ẹni méje. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pe ìpàdé, láti darí rẹ̀, àti láti rí i pé ohun tí gbogbo yín fẹnu kò sí di ṣíṣe. Bí ìpàdé bá ti tú, tí ó sì ti padà sí pálọ̀ rẹ̀, àṣẹ tí ó ní lórí idà náà kò ju èyí tí ẹ̀yin náà ní lọ, àfi bí ìwé òfin ẹgbẹ́ yín bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá sì kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ló ń pinnu irú ohun tí mùsíọ́mù yóò gbà àti èyí tí kò ní gbà, iye tí wọn yóò ná lọ́dún, ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, àti ibi tí owó òrùlé tó ń jò yóò ti wá. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n yọwọ́ nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí a ó gbé síta fún àwọn àlejò àti èyí tí a ó dá padà sínú àpótí kí ikán má baà dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ alábòójútó ni. ICOM, ẹgbẹ́ àwọn mùsíọ́mù àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946, ní ìlànà ìwà ọmọlúàbí kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní Buenos Aires ní 1986. Ìlànà náà sọ pé ọ̀gá mùsíọ́mù gbọ́dọ̀ lè dé iwájú ìgbìmọ̀ tààrà, kí ó sì jíhìn fún un. Nítorí náà, ọmọbìnrin yín lè kọ lẹ́tà sí gbogbo ìgbìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ idà yìí, kò sì sí ẹni tó yẹ kó pè é ní aláfojúdi.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwa tí a wà l'Abẹ́òkúta. Láyé àwọn baba wa, àwọn Ògbóni, àwọn Ológun àti àwọn Pàràkòyí tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òwò, kálukú ló mọ ààlà rẹ̀; Balógun kò jẹ́ wá máa pàṣẹ nínú ilé Ògbóni nítorí pé ó ṣẹ́gun. Nígbà tí G. W. Johnson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá Egba United Board of Management, ìgbìmọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ṣàkóso ilẹ̀ Ẹ̀gbá, sílẹ̀ ní 1865, bọ́ọ̀dù, ìyẹn ìgbìmọ̀, ni wọ́n pè é, wọn kò pè é ní ilé alága.

Ohun tí yóò gbèjà idà yín ju àríyànjiyàn lọ ni rẹ́jísítà, ìwé tí a ń kọ gbogbo ohun tó wà ní mùsíọ́mù sí. Bí ẹ kò bá tíì ní i, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Gbogbo ohun tó bá wọlé gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀: 2023.4.2, fún àpẹẹrẹ, túmọ̀ sí ohun kejì nínú ẹrù kẹrin tó wọlé lọ́dún 2023. A kì í fi nǹkan ya nọ́ńbà náà sára idà. A máa ń fi fáníìṣì tí kò ní àwọ̀ kun ibi kékeré kan lẹ́bàá èèkù, níbi tí ojú kò ti ní tètè tó o. Bí ó bá gbẹ, a ó fi yíǹkì kọ nọ́ńbà lé e, a ó sì tún kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ti aṣọ, pélébé aṣọ funfun tí a kọ nọ́ńbà sí ni a máa ń rán mọ́ etí rẹ̀. Ìlà kan wà nínú ìwé náà fún ẹni tó fi í sílẹ̀, òmíràn fún ipò tí ó wà, òmíràn fún ọjọ́ tó jáde, ẹni tó gbé e àti ọjọ́ tó padà. Bí alága bá fẹ́ gbé idà jáde, kí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i, kí òun náà fọwọ́ sí ìlà yẹn. Ní tèmi o, mi ò rí ìdí tí idà ogun fi ní láti lọ jẹ ìrẹsì níbi ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni.

Ẹ tún rántí pé lábẹ́ òfin 77 ti ọdún 1979, tó dá àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù ní Nàìjíríà sílẹ̀, iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kò sì gbọdọ̀ jáde kúrò nílùú láìgbàṣẹ àjọ náà. Bí àlejò kan láti Lọ́ńdọ̀nù bá fẹ́ràn idà yẹn níbi àríyá, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Akápò mùsíọ́mù àdúgbò kan ni mí, ní Láfẹ́nwá. Ọ̀kan nínú àwọn tọ́rọ́sítì wa, àwọn tí a fa mùsíọ́mù náà lé lọ́wọ́, fẹ́ di alábòójútó, kí ó sì máa gbowó oṣù. Ṣé ó bófin mu?

ÌDÁHÙN: Bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tó ní tọ́rọ́sítì, kò bófin mu, bí ó bá ṣì jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso. CAMA, òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti ọdún 2020, kò gbà kí ọmọ ìgbìmọ̀ di ipò tí wọ́n ń san owó oṣù fún mú nínú ẹgbẹ́ kan náà, àfi ẹni tó jẹ́ pé ipò rẹ̀ ló gbé e wọ ìgbìmọ̀. Ẹ lè dá owó ọkọ̀ tó ná padà fún un, ṣùgbọ́n kí ó mú rìsíìtì wá. Bí ó bá mọ iṣẹ́ náà lóòótọ́, kí ó kọ̀wé fipò sílẹ̀, kí ó wá bá àwọn yòókù díje. Ẹ má sì gbàgbé ìròyìn ọdọọdún tí ẹ ní láti fi ránṣẹ́ sí CAC láàrin ọjọ́ 30 oṣù kẹfà àti ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Àwọn akápò ló máa ń gba ìbáwí bí ó bá pẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga, mo sì fẹ́ yọ̀ǹda ara mi ní mùsíọ́mù kan nítòsí Aké. Irú iṣẹ́ wo ni wọn yóò fún mi ṣe?

ÌDÁHÙN: Gbogbo rẹ̀ ni, ọmọ mi. Nínú mùsíọ́mù kékeré, ẹni tó gbálẹ̀ láàárọ̀ náà ni yóò ja tíkẹ́ẹ̀tì, òun náà ni yóò sì sọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bí Ṣódẹkẹ́ ṣe kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Kọ́ bí a ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku ọyẹ́ kúrò lára igi láìfi omi kàn án, má sì fi ọwọ́ lásán mú fọ́tò tàbí irin, nítorí òógùn ọwọ́ máa ń jẹ wọ́n. Bí iṣẹ́ náà bá wọ̀ ọ́ lára, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ mùsíọ́mù wà ní Jọ́ọ̀sì. UNESCO bá wa lọ́wọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1963.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o ṣọ́ra fún. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan yóò fi aṣọ di ère ìbejì àtijọ́ wá sí ẹnu géètì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, yóò sì ní kí o fún òun ní owó díẹ̀ kí o máa gbé e lọ sílé rẹ. Òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù kì í ra irú ohun tí mùsíọ́mù rẹ̀ ń kó jọ fún ara rẹ̀, òfin Nàìjíríà kò sì gbà kí ẹni tí àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù kò fún láṣẹ máa ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní kí ó jókòó, kí o pe alábòójútó, kí o sì kọ ọjọ́ àti aago sínú ìwé.