Wáyà iná fẹ́ gba inú igbó kọjá: ṣé ìwé ẹ̀hónú tó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, ni mò ń gbé. Lọ́dún 2025, àwọn kan tako wáyà iná tí PGE, iléeṣẹ́ iná mànàmáná, fẹ́ fà gba inú Forest Park, igbó ńlá tó wà nínú ìlú wa. Bí ìwé tí ìlú fi ń kéde irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dé ilé wa, ṣé ká kàn buwọ́ lu ìwé ẹ̀hónú ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ buwọ́ lù ú bó bá wù yín, àmọ́ ẹ má gbára lé e. “Ẹ má gé igi wa,” kódà bí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá sọ ọ́, kò kan òfin níbì kankan. Igi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 ni PGE fẹ́ gé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ní kí wọ́n má gbà fún un, ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lórúkọ ìlú gbà fún un, ìgbìmọ̀ ìlú wá yí i padà ní oṣù Karùn-ún. Orí ìlànà Forest Park ti 1995 àti abala 33.430 nínú òfin ìlú ni àríyànjiyàn dá lé: ṣé lóòótọ́ ni wáyà náà ò ríbòmíì gbà? Iléeṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ fi èyí hàn, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ó kéré tán, ọjọ́ 7 kí ìjókòó tí ìlú fi ń gbọ́ ẹjọ́ náà tó wáyé, ìjábọ̀ òṣìṣẹ́ ìlú máa wà nílẹ̀. Ẹ mú ìlànà inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀, kẹ́ ẹ wá sọ ibi tí àlàyé iléeṣẹ́ kù sí. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ kí wọ́n tó pa àkọsílẹ̀ ẹjọ́ náà dé, kò ṣeé gbé lọ síwájú LUBA, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tó ń gbẹ́jọ́ ilẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Bí ẹ̀rí yín ò bá tíì pé, ẹ bẹ̀bẹ̀ kí ìjókòó àkọ́kọ́ tó parí pé kí wọ́n ṣí àkọsílẹ̀ sílẹ̀. Ó kéré tán, wọ́n á fún yín ní ọjọ́ 7 sí i. Tí ìdájọ́ bá ti fìdí múlẹ̀, ọjọ́ 21 péré lẹ ní láti lọ sí LUBA.

Ẹ̀rí wo? Ẹ lọ wọn igi, àní èyí tí wọn ò ní gé pàápàá. Ẹ fi téèpù yí i ká ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àtààbọ̀ sókè ilẹ̀, kẹ́ ẹ fi 3.14 pín in. Bó bá jẹ́ ínǹṣì 94, ìbú igi náà tó ínǹṣì 30. Lọ́dọ̀ ìlú Portland, ínǹṣì kan ìbú gba ẹsẹ̀ bàtà kan ààbò fún gbòǹgbò, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 30 yíká igi yìí. Bí ọ̀nà katakata bá gba ibẹ̀, ilẹ̀ á ki, afẹ́fẹ́ ò ní dé gbòǹgbò mọ́, orí igi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nígbà táwọn agbaṣẹ́ṣe ti lọ. Ẹ ya fọ́tò tí téèpù hàn nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sàmì sí ibẹ̀ lórí máàpù.

Wọ́n á ní àwọn á gbin òmíràn. Ẹ bi wọ́n pé níbo? Wọn kì í jẹ́ kí igi gíga hù mọ́ lábẹ́ wáyà ńlá, igi óákù Oregon kì í sì í tètè dàgbà. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹjọ́ sórí gbogbo ìwé tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́, kó má baà sọnù sáàárín ìwé míì.